Orin tí Mo Gbà Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Lọ́wọ́

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe n'Íbàdàn ni orin inú fíìmù. Bí olólùfẹ́ méjì bá pàdé nínú fíìmù Yorùbá, tí orin sì bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irú èmi ló wà nídìí dùùrù. Iṣẹ́ ìkánjú ni. Wọ́n á ní ká mú orin wá lọ́la, àwa náà á jí díẹ̀ níhìn-ín, jí díẹ̀ lọ́hùn-ún, a ó ní àwòkọ́ṣe ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé n'Ílá, ìyá ìjọ sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan níbẹ̀. Nínú ìjọ yẹn, ẹni tó bá gba orin lójú àlá ló ni ín. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ìsìn, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dá a. Òun ni yóò dá a, àwọn yòókù á gbè é. Orin kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbà láyé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí àkọ́bí rẹ̀ ń ṣàìsàn ló gbà á, nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà ní Òkè-Ìlá. Ọmọ náà kò rù ú là. Orin ló kù sí i lọ́wọ́.

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí ni mo gbé orin náà sínú fíìmù. Mo yọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò, mo fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i, mo sì jẹ́ kí ìlù rẹ̀ yá díẹ̀. Ilé ọtí ni wọ́n lò ó sí, níbi tí ọmọge kan ti ń jó yí ọkọ ọlọ́kọ ká. Wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Mo ní ta ló fẹ́ wo fíìmù yìí n'Ílá. Òmùgọ̀ èèyàn! Kò pẹ́ rárá tó fi ń dún lórí fóònù gbogbo ọlọ́kadà, láti Ìlá títí dé Ọ̀rà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo wálé sí Ìlá fún ìkórè ìjọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde, ó dá orin rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan tilẹ̀ ń gbọn ìdí bíi ti ọmọge inú fíìmù. Olùdarí ìsìn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìjọ náà, gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orin fíìmù nìyẹn. A kì í kọ orin ayé níwájú pẹpẹ."

Ó jókòó. Èmi wà lórí ìjókòó kẹta, aṣọ mi mọ́ nini, mo ń ṣí ìwé orin kiri bí ẹni ń wá nǹkan. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Ojú tì mí, síbẹ̀ n kò dìde.

Nígbà tí a délé, ó gbé iyán ka iwájú mi, ó sì jókòó tì mí.

"Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ nípa orin. Ṣé kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan ni àwọn onífíìmù yẹn ti mú un? Bóyá èmi náà ti gbọ́ ọ rí níbì kan, tí mo wá rò pé ojú àlá ni mo ti gbà á."

Mo gbé òkèlè mì. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Á jẹ́ pé àkọ́bí mi yẹn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi nìyẹn."