Ọmọ Mi Kì í Ṣe Bébà Sìmẹ́ńtì

Bí Sìdíkátù bá fẹ́ ra ẹ̀wà, á kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò ná. Bí o bá kí i pé ó kú iṣẹ́, á wò ọ́ bíi pé o fẹ́ yá nǹkan. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìjẹ̀gùn, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, mi ò sì rí ọjọ́ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ pátápátá rí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Aṣọ ló ń rán níwájú ilé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀: ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gé aṣọ oníbàárà, àfi tó bá ti gé bébà sìmẹ́ńtì títí ọwọ́ rẹ̀ fi gún régé.

Ohun mìíràn wà tí mo ti rí lára rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń jẹun, kànáfùrù kì í sì í kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fi ìborùn bo ẹnu. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n gbájú mọ́ ẹnu tèmi.

Qonitah ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó ti pé ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n bí i, kò tètè ké, láti ìgbà náà sì ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ti í gbọ́ tirẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í rí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ mi, ojú Qonitah ni mo ti ń mọ̀.

Nígbà òjò tó kọjá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ẹnu ń rùn, bí a bá fún un ní ògì, á tu ú dà sílẹ̀. Ó ń rù lójú wa. A mọ̀ pé eyín ni. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fi ìró dè é mọ́ àga, ó gé nọ́ọ̀sì jẹ, wọ́n sì ní kí tìyá-tọmọ máa lọ. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Fẹ́kọ́mi, tó ń ti ojúlé dé ojúlé wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, fi dé ṣọ́ọ̀bù. Dókítà eyín ni, kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ìwé. Ó ní ilé ìtọ́jú kan wà ní Ìgándò tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn bíi tòun ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú eyín àwọn tó ní ìpèníjà ara, pé kí a gbé Qonitah wá, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀fẹ́ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Sìdíkátù bi í pé ta ló rán an, ta ló sọ fún un pé òun lọ́mọ, kí ni wọ́n sì máa ń fi eyín tí wọ́n bá yọ ṣe. Nígbà tó wá gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀.

“Ẹ ń kọ́ṣẹ́. Ó dáa. Bébà sìmẹ́ńtì yín wá dà, àbí ọmọ tèmi ni?”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Fẹ́kọ́mi. Bó ṣe lọ tán, Sìdíkátù yọjú síta láti wò ó bóyá mọ́tò kan ń dúró dè é. Èmi náà fura, kí n má purọ́. Ta ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìjẹ̀gùn?

Ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kí èèyàn fura pẹ́. Lọ́jọ́ tí Qonitah kọ omi pàápàá, a gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìgándò. Lọ́nà ni Sìdíkátù ti pín iṣẹ́ fún wa: òun á dúró ti orí ọmọ, èmi á dúró ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mu omi wọn.

Dókítà Ṣóbọ̀wálé ni ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́yìn rẹ̀. Bí Qonitah ṣe rí àga, ó di ẹnu pa pinpin. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó lè fara balẹ̀. Sìdíkátù béèrè ẹni tó máa ṣe é. Ọ̀gá ní Fẹ́kọ́mi ni, pé òun á dúró tì í. Sìdíkátù kọ̀ jálẹ̀, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bébà sìmẹ́ńtì fún wọn.

“Àwa fúnra wa ni bébà sìmẹ́ńtì, màmá,” ni ọkùnrin náà wí. “Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan aláìsàn níbí tí a ò tíì kọ́kọ́ tọwọ́ bọ òun náà lẹ́nu.”

“Ẹ ṣe é kí n rí i.”

Mo rò pé ọ̀gá á bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí àga, ó sì lanu. Fẹ́kọ́mi ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Bí ọ̀gá bá na ọwọ́ sókè, á dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Sìdíkátù tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń wá ẹ̀tàn nínú ẹnu onítọ̀hún. Eyín dúdú kan ló rí.

“Tiyín náà ti jẹrà, ẹ̀yin dókítà.”

Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń wòran. Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, Qonitah ń rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀gá ṣe ń na ọwọ́, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń gbìyànjú láti na tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá sì dìde, ọmọ náà tọ́ka sí àga.

Kò sẹ́ni tó dè é. Bó bá ti gbé ọwọ́, Fẹ́kọ́mi á dúró, kódà nígbà tó hàn pé eré ló ń fi í ṣe. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú, wọ́n sì yọ eyín náà. Sìdíkátù gba eyín lọ́wọ́ wọn, ó dì í mọ́ etí ìborùn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ṣe nǹkan. Ó ní ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

A gbé Qonitah sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ṣùgbọ́n kò gbà láti lọ. Ó fi òwú sẹ́nu, ó di ìborùn ìyá rẹ̀ mú, ó ń fà á sí ìdí àga. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, níbi tí kànáfùrù wà gan-an.

Sìdíkátù bá yíjú sí mi. “Ìyá Simeon, ẹ̀yin lẹ sọ fún un, àbí?”

Mo ní n kò sọ nǹkan kan. Ta ni í sọ fún Qonitah? Ọ̀gá ní kò pọn dandan, ọjọ́ tó bá wù ú ni kó wá. Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn. Òun ló kúkú ní kí n dúró tì í, mo sì dúró tì í.

“Ẹ̀rù ń bà mí,” ló wí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó jókòó sórí àga. Qonitah sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, kó lè mọ ohun tó máa ṣe bí ó bá dùn ún. Sìdíkátù wo ojú ọmọ rẹ̀, ó yọ kànáfùrù kúrò, ó sì lanu.