Ẹgbẹ́ Tí Àbúrò Mi Wọ̀

Tí wọ́n bá ní kí n wá àwọn tó gọ̀ jù ní yunifásítì, ẹgbẹ́ tí àbúrò mi wọ̀ ni màá kọ́kọ́ nàka sí. Wọ́n ní àwọn ń kọ́ bí ọmọ aráyé ṣe ń gbé. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé á mú wọn lọ sílé àwọn tí kò bá a tan, kí wọ́n jókòó máa wo onílé. Wọn ò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, kí ìkíni má baà ba nǹkan tí wọ́n ń wò jẹ́. Ọgbọ́n burúkú. Èèyàn tó ò lè kí, kí lo fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀?

Ọmọ tiwa ò rí ilé kankan mú wọn lọ, ló bá fojú sílé wa. Ó kọ́kọ́ dá wá, ó kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì, tí wọ́n ń lọ aṣọ oníbàárà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ mí. Tí wọ́n bá mọ̀ pé èmi lẹ bí, wọn ò ní gbà mí."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Mọ́mì ní, "Mo ti gbọ́. Dìde."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n rọ́ wọlé bí ẹni tó wá gba ilé. Kò sẹ́ni tó ní ẹ kú iṣẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn yẹn ò bá nǹkan kan nílé. Alága wọn, ọmọ àná tó fi irùngbọ̀n díbọ́n àgbà, lọ jókòó lé aṣọ tí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹnìkan ń ya fọ́tò ìkòkò wa. Àbúrò mi náà jókòó sáàárín wọn, ó gbójú sókè, kò kí ìyá tó bí i. Mo pòṣé. Mọ́mì ń báṣẹ́ wọn lọ ní tiwọn.

Nígbà tí wọ́n wò wá tó, alága ní ó ku ìbéèrè kan. "Mọ́mì, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Mọ́mì gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n nawọ́ sí mi. "Ẹyọ kan. Òun ló dúró yẹn."

"Ẹ ò bí òmíràn?"

"Rárá."

Alága yíjú sí àbúrò mi. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Àbúrò mi kọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n gbà á sẹ́gbẹ́ nínú pálọ̀ wa níbẹ̀.