Ọba Dúdú Orí Tábìlì Ìyá Oníbọ́tìnì

Ọjọ́ tí adájọ́ kò dé kóòtù ni gbogbo àdúgbò tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìyá Oníbọ́tìnì kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Aránṣọ ni ìyá olóògbé yìí, ẹ̀wù adájọ́ àti ti lọ́yà ló sì mọ̀ ọ́n rán jù. Adájọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà kó wá mú ẹ̀wù dúdú tó fẹ́ wọ̀ dájọ́. Ìyá ní ó ku bọ́tìnì kan, kó fara balẹ̀ jókòó. Ibi tó jókòó sí gan-an ni wàhálà wà, nítorí iwájú tábìlì ìgéṣọ ni, níbi tí ìyá ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú ṣẹ́ẹ̀sì sí, ayò tí wọ́n ti ń lé ọba. Bọ́tìnì ni ọmọ ogun, rílì òwú tó ti ṣófo ni ilé-ìṣọ́, irin ìka tí aránṣọ fi ń ti abẹ́rẹ́ ni ọba funfun, ọmọrí ìgò òróró ẹ̀rọ ni ọba dúdú, ayaba, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù náà sì ní tiwọn.

"Ẹ̀yin adájọ́," ni ìyá wí, ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, "funfun ló máa kọ́kọ́ rìn. Ìrìn mẹ́ta péré, ọba dúdú ò gbọdọ̀ ríbi sá sí mọ́. Ẹ ṣe é kí n wò ó."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí kóòtù retí rẹ̀ tì, wọ́n rán akọ̀wé kóòtù wá, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo tábìlì náà, ó sì fa àga. Wọ́n rán ọlọ́pàá méjì wá akọ̀wé. Àwọn yẹn kò rí ẹni tí yóò bá wọn ṣọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ni wọ́n bá mú òun náà dání pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Bó ṣe yọjú sí tábìlì báyìí, ó ní, "Olúwa mi, tí ẹ bá gbé ẹṣin yẹn síwájú ńkọ́?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni adájọ́ jágbe mọ́ ọn. Ó tún wo tábìlì. "Síwájú níbo?"

Ọlọ́pàá ní láti tú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ kí ọkùnrin náà tó lè fi hàn wọ́n. Ìyá gbé ojú kúrò lára aṣọ, ó wo tábìlì, ó ní, "Rárá. Ayaba á gbà á," ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Ẹjọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bó ṣe ń ṣe gbogbo ènìyàn nìyẹn. Dókítà wá gba ṣòkòtò, òun náà kó sínú ayò náà. Olùkọ́ ìṣirò wá, ó ní òun ń lọ mu omi, kò padà wá mọ́. Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìyá ni bọ́tìnì. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, bọ́tìnì rẹ̀ a máa pọ̀ ju ihò rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kan gbé ṣòkòtò rẹ̀ padà wá tìbínú-tìbínú. "Mà, kí ni bọ́tìnì ń ṣe lẹ́yìn orúnkún mi?"

"Ó ń sinmi," ni ìyá dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ọba dúdú yìí ká lára jù lọ kì í ṣe adájọ́. Ọkọ ọmọ ìyá ni, ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ni ìyá kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀.

"Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Fíríìjì ni mo ń tún ṣe, mà. Tó bá kú, màá jí i."

"Èyí yàtọ̀ síyẹn," ni ìyá wí, ó nawọ́ sí ọba dúdú lórí tábìlì. "Ọba yìí wà láàyè, pípa ni kí o bá mi pa á."

Ó wò ó títí tí ọrùn fi ń ro ó. Ìyá ní, "Ẹ lè fẹ́ra yín, mi ò dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yanjú èyí ni mo máa pè lọ́mọ mi. Títí dìgbà náà, àlejò ni ẹ́."

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ "àlejò wa tó wá fẹ́ ọmọ mi." Ẹnu ya gbogbo ìjókòó. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí, iṣẹ́ tó rán ni pé, "Ẹ bá mi kí Àlejò, mo gbọ́ pé ó bímọ." Tí ọkùnrin náà bá sì gbàgbé ara rẹ̀ tó pè é ní Mọ́mì, ìyá á bi í pé, "Mọ́mì ta?"

Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé egungun. Ìyá tirẹ̀ ti kú kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kò sì rántí ọjọ́ kan tí obìnrin kankan pè é ní ọmọ mi. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá yìí ju bó ṣe fẹ́ kọ́lé lọ.

Ni ó bá gbájú mọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà yẹn, kò tí ì sí fóònù tó ń bá ènìyàn ronú. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya á sára ilẹ̀kùn fíríìjì oníbàárà, á dúró tì í, á máa fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Oníbàárà kan ké sí i láti yàrá ìdáná pé, "Ọ̀gá, ẹran mi ti ń rùn o!"

"Ẹ ní sùúrù, mà. Ayaba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débi tó ń lọ."

Gbogbo ìdáhùn tó bá gbé wá, ìyá kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Rárá. Ẹṣin á gbà á." "Rárá. Ọba á yà sí òsì." Bó ṣe ń yára yìí ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Irun ti ń funfun lórí ọkùnrin náà lọ́jọ́ Sátidé kan tó wá tún fíríìjì ìyá ṣe. Ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. "Mà, mo juwọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìdáhùn hàn mí, kẹ́ ẹ máa pè mí ní Àlejò títí láé."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Ìdáhùn wo?"

"Ti ọba dúdú, mà."

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá máa da adájọ́ láàmú?"

Orí ọkùnrin náà wú. Àṣé ìgbà tí ìyá ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni ẹnì kan tó ń ta bọ́tìnì fi bébà ìwé ìròyìn pọ́n bọ́tìnì fún un, ayò ọba dúdú náà sì wà lára bébà yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìdáhùn wà ní ojú ewé tó kàn. Ojú ewé tó kàn kò sí níbẹ̀. Ìyá padà lọ ra bọ́tìnì sí i, bóyá wọ́n á fi ìyókù pọ́n ọn. Ó rà títí bọ́tìnì fi kún ilé, títí ó fi di ohun tí ó ń rán mọ́ ẹ̀yìn orúnkún olórúnkún.

"Ẹ sì ń ní kí n lọ tún un rò! Ìdánwò tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀!"

"Mo mọ èyí tí kì í ṣe ìdáhùn," ni ìyá wí láìmira. "Ìmọ̀ nìyẹn náà. Ta ló máa gbé aṣọ fún aránṣọ tó bá ní òun ò mọ nǹkan?"

Ẹ̀rín gbé ọkùnrin náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jókòó ti ayò náà ní Sátidé, wọ́n á jọ máa jiyàn, wọ́n á jọ máa fọwọ́ lu tábìlì. Ó ń jáde níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n Àlejò ṣì ni orúkọ rẹ̀. Ìyá ní òfin ni òfin.

Nígbà tí àìsàn wá dá ìyá dùbúlẹ̀, tí dókítà sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ sí kọ̀rọ̀, jìnnìjìnnì mú ọkùnrin náà. Ó mọ̀ pé tí òun kò bá yanjú rẹ̀ báyìí, àlejò ni òun máa jẹ́ lọ. Ó to ayò náà sórí àwo pẹrẹsẹ, ó gbé e lọ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti ro ìrìn kan ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó gbé rílì òwú, ó tì í dé òpin ìlà.

Ìyá wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò yára fèsì. Ó wò ó títí tí ìrètí fi gba àyà ọkùnrin náà kan.

"Rárá, ọmọ mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Bíṣọ́ọ̀bù á gbà á."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé omi bọ̀ dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Mo ní bíṣọ́ọ̀bù á gbà á. Àbí etí ẹ ti di?"

Tọkọtaya wo ara wọn, omi lé ròrò sójú àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà mọ ìyá dáadáa. Tí òun bá fi lè bèèrè ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìyá lè gbà á padà. Nítorí náà ó dá rílì padà sáyè rẹ̀, ó họ orí bí ẹni tó ń ronú, ó wá rọra tún un gbé, ó tì í padà sí ojú ibi tí kò dára yẹn gan-an.

Ìyá ṣí ojú kan wò ó. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ pé rárá."

"Ẹ má bínú, mà," ló wí, ó dá a padà, ó sì tún gbé e síbẹ̀.