Wọ́n Ní Wàrà Ló Dì Sí I Lọ́mú

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Bí o bá rí i pé inú ń bí mi níbẹ̀, jẹ́ kí ìbínú náà wà níbẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ìyá wa bí ṣáájú mi. Abúlé kan náà la lọ́kọ sí, nítòsí Ajue. Bí ó bá pè mí láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo máa gbọ́ ní ìdí ààrò mi. Kókó kan yọ sí i lọ́mú òsì, kókó náà ló sì pa á. Ṣùgbọ́n kókó nìkan kọ́. Ọwọ́ wa wà níbẹ̀, ẹnu wa náà wà níbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni. Owó epo ń ṣàn, gbogbo ènìyàn ń ra nǹkan. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti ń la títì ńlá tó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ títì sì pọ̀ bí eṣú, ebi sì máa ń pa wọ́n bí eṣú. Ẹ̀gbọ́n mi mọ púpurú ṣe ju gbogbo wa lọ. Tí ó bá mọ ẹ̀gẹ́ náà roboto tó gbé e sórí àjà iná, tí ó wá ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó kúrò, inú rẹ̀ á funfun bí òwú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí dé, ó ní òun náà máa lọ dáná sí Ọ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, kò tíì ju ọdún kan ààbọ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í tètè fi ọmú sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, ó gbé ìkòkò lọ sójú títì. Inú ìyá ọkọ rẹ̀ kò dùn sí i rárá.

"Ìyàwó, o já ọmọ mi lẹ́nu ọmú nítorí owó ojú títì. Wàrà tí o sé mọ́ ọn lẹ́nu yìí, ibo lo fẹ́ kó gbà jáde?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Á gba Ọ̀rẹ̀ jáde, á fi owó bọ̀ wálé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀ yẹn, kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń wẹ̀ lódò, mo ń fi kànrìnkàn bá a fọ ẹ̀yìn, ló bá fà mí lọ́wọ́.

"Àbúrò, fọwọ́ kan ibí."

Mo fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan le lábẹ́ awọ níbẹ̀ bí kóró àgbálùmọ̀. Mo tì í, kò yẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá. Bí ó bá ń dùn mí ni, ǹ bá ti sọ."

"Kí lẹ wá ń wá nínú ẹ̀? Ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àrùn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni. Kí n tó bú ẹlòmíràn, kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà pé kò dun ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò mọ̀ pé irú kókó tó burú jù nínú wọn, ìdákẹ́ ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi rí i. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mi orí bí ẹni tó ti ń retí àlejò kan tipẹ́. Ó ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀. Wàrà ọmọ yẹn ló dì."

Lọ́dọ̀ wa, bí wàrà bá dì sí ìyá ọlọ́mọ lọ́mú, ìyá àgbà á fi àdín pa ọmú náà, á yá òòyà onígi níná díẹ̀, á wá máa fi ya ọmú náà láti òkè bọ̀ sí orí ọmú, bí ìgbà tí ènìyàn ń ya irun, títí wàrà á fi máa kán. Mo ti rí i fún ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ara sì tù ú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́mọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé wàrà láti ọdún mẹ́ta. Kànga tó ti gbẹ, kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí yóò dì? Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè. Torí pé ìyá àgbà ti wí i tẹ́lẹ̀, nígbà tí nǹkan dé, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó lọ tajà.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ya á lóòyà. Èmi náà bá wọn yá òòyà náà níná. Kókó ń tóbi sí i. Nígbà tó yá, awọ ibẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Nígbà tó tún yá, orí ọmú náà yíjú wọlé, kò jáde mọ́. Ìyá àgbà ní, "Ẹ rí i? Wàrà náà ti ń fà sẹ́yìn. Ó ti ń gbọ́ràn."

Mo sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé wọn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí kòkó tí mo sá gbẹ ná. Obìnrin tó ń ru igi, tó ń jẹun, tó ń bá mi jà, kí ló ń ṣe é?"

"Ọmú wọn ti ń yí padà, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa, bí a bá débẹ̀, ta ni yóò tú u wò? Ṣé dókítà ọkùnrin ni kó máa fọwọ́ tẹ ọmú ìyàwó mi?"

Ìtìjú! Ọmú tí gbogbo abúlé rí nígbà tó ń fún ọmọ mẹ́rin lọ́mú, lọ́jà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn ọkùnrin ń kí i kọjá tí ọ̀rọ̀ ọmú kò sí lẹ́nu wọn. Ìgbà tí ọmú di aláìsàn ló wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí.

Ọkùnrin yìí ti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́dún náà o. Pupa ni. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà náà, ní Òdígbó, ilé ìwòsàn kékeré kan wà tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀bá títì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ará Èkìtì ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwa á juwọ́ sí i láti inú ọkọ̀, òun náà á juwọ́ padà. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú kókó lábẹ́ bùbá. A juwọ́, a kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún juwọ́, a tún kọjá. Bí mo bá rántí ìyẹn, mo máa ń fẹ́ fi ọwọ́ mi yìí lu nǹkan.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìyá àgbà ní òòyà kò tó mọ́, ọmọ tí wàrà jẹ́ tirẹ̀ ló gbọdọ̀ wá fà á jáde. Ọmọ náà ti lé díẹ̀ lọ́dún márùn-ún. Eyín wàrà rẹ̀ kan ti ká. Ó kọ̀, ó ń tijú, ó sá sẹ́yìn ilé. Èmi ni wọ́n rán sí i. Àkàrà ni mo fi tàn án wá. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

A jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀sán gangan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú kúrò. Ọmọ náà gbé ẹnu sí i, ó sì gbé e kúrò.

"Ìyá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Fà á dáadáa," ìyá àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Fà á bí ìgbà tí o wà ní kékeré. Ṣé o ò fẹ́ kí ara ìyá rẹ yá ni?"

Ọmọ náà tún tẹrí ba. Nígbà tó gbé orí sókè, ètè rẹ̀ pupa. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì figbe ta.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Wàrà tó ti bàjẹ́ ló ń jáde yẹn. Ẹ dúpẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo dìde, mo so ìró mọ́ ọn lára, mo dì í lápá mú. Ìyá àgbà ń pè wá, mi ò bojú wẹ̀yìn. A gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pupa náà kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán, ó ń dán. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹ̀gẹ́ ló gbé wa dé Òdígbó.

Nọ́ọ̀sì tẹ ọmú náà, ó tẹ abíyá rẹ̀. Abíyá tún ní kókó tirẹ̀, a ò mọ̀.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan, Nọ́ọ̀sì."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ló bá gbaná jẹ. "Mo ń rí yín! Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ ń juwọ́ sí mi! Kí ni mo jókòó síbẹ̀ fún, ṣé kí n máa ka ọkọ̀ ni?"

Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá yíjú sí èmi. Ó ní kì í ṣe gbogbo kókó ọmú ló ń pani, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò burú. Òmíràn á wú bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, bí ó bá lọ tán, òun náà á rọlẹ̀. Òmíràn á máa sá kiri lábẹ́ ìka bí ẹja. "Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ẹnu pín in nílé pé èyí dáa, èyí kò dáa. Èmi gan-an ò lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n tán, dókítà ló ní ohun tó fi ń wò ó. Kókó tí nǹkan oṣù lọ tí òun kò lọ, ẹ gbé e wá. Èyí tó le tí kò dunni, ẹ má dúpẹ́ pé kò dunni, ẹ gbé e wá. Kí awọ tó fà, kí orí ọmú tó wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Ẹ rí gbogbo ìyẹn, ẹ tún jókòó sílé?"

Nọ́ọ̀sì kọ ìwé rán wa lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ọmú náà. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ó ti rìn jìnnà kí a tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi rí òjò ọdún kan sí i, kò rí ti ọdún kejì.

Nígbà tí àwọn ènìyàn wá kí wa, gbogbo wọn ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù, Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló yá òòyà níná. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ìbànújẹ́ ló ń sọ ọ́. Mo ní ìbànújẹ́ kọ́, ìbínú ni. Ìyá àgbà sunkún lọ́jọ́ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. "Ohun tí ìyá mi fi kọ́ mi ni mo ṣe." Mo mọ̀ pé kò purọ́. Ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù. Bí ó bá jẹ́ ìkà ni, ǹ bá kórìíra rẹ̀ kí n sì sinmi.

Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń wẹ̀, ọwọ́ tèmi náà ba nǹkan kan lọ́mú ọ̀tún. Nǹkan oṣù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, kò sí àwáwí. Ọkọ mi ní ṣé mi ò ní jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó ná. Mo ní, "Wíwò náà ni mò ń lọ wò." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn, èyí tí mo fi àkàrà tàn, wà lọ́dọ̀ mi fún ìsinmi ilé-ìwé, ilé ìyá àgbà ló ń gbé. Mo mú un dání, a lọ bá nọ́ọ̀sì kan náà. Nọ́ọ̀sì kọ ìwé, wọ́n rán mi sí dókítà. Dókítà ọkùnrin ni. Ó tẹ̀ ẹ́, mo sì wà láàyè. Wọ́n yọ kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àpá rẹ̀ kò gùn ju ìka mi yìí lọ.

Ọjọ́ tí mo padà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì, tí inú àwa méjèèjì ń dùn, ọmọ náà bú sẹ́kún lórí àga.

Nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló dé? Ṣé o ò gbọ́ pé ara wọn ti yá ni?"

Ọmọ náà ní, "Nọ́ọ̀sì, ti ìyá mi, ṣé nítorí mi ni? Ìyá àgbà ní wàrà mi ló pa wọ́n. Wọ́n ní ká ní mo fà á tán lọ́jọ́ náà, ìyá mi ò ní kú."

Ọdún mẹ́ta! Ọmọ kékeré ń gbé e sùn, ó ń gbé e jí, ó ń gbé e lọ síléèwé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe wàrà. Ó ní jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú kò lè sọ kókó di jẹjẹrẹ, ọmọ kankan kò sì lè fi ẹnu fà á jáde. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọmọ náà tó gbé ojú sókè.

Mi ò gba ilé mi lọ. Ilé ìyá àgbà ni mo fà á lọ tààrà. Ó jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí àgbà ni.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọmọ yìí pé kì í ṣe wàrà."

Ó ní, "Ohun tí a mọ̀ la sọ."

"Ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà Ìbàdàn sọ. Ẹ sọ fún un."

Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀. Ọmọ náà dúró, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ìyá àgbà kò sọ ọ́.

Mo dìde. Mo wọ yàrá, mo di aṣọ ọmọ náà àti ìwé rẹ̀ sínú abọ́ ńlá kan, mo gbé e rù, a sì jáde. Ọmọ náà kò sùn nílé yẹn mọ́ títí ó fi lọ sílé ọkọ.