Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Ẹní Ìyá Fèyíkẹ́mi

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ní Ìkòyí-Ilé, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ó lọ gúnlẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Orí Fèyíkẹ́mi ló bà lé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí jókòó ṣe ìdánwò Wáẹ̀kì. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gbé e ṣubú. Lọ́dún kejì, ó borí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò wá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí ti àkọ́kọ́ ń tì í lójú, ló bá tì í bọ abẹ́ ẹní ìyá rẹ̀. Ó ní ìwé tí èèyàn bá ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ó parí náà nìyẹn.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ yunifásítì tán. Esther tí wọ́n jọ ń kọrin ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ti lọ sí Ìlọrin, kò sì pè é látìgbà náà. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèyíkẹ́mi wá ṣófo lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí fóònù bá dún, àwòrán ọgbà ilé-ìwé ni. Yóò wò ó tán, yóò dojú fóònù délẹ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn ilé-ìwé gíga méjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Ìṣirò ńkọ́?" ni wọ́n ń bi í. Ó wá gbọ́ nípa ilé-ìwé àwọn olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́.

"Ta ni yóò bá ọ lọ?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Kò sẹ́ni, mà."

Ìyáàfin Oyèrónkẹ́ ló ń gba ìwé níbẹ̀. Ó wo ti Fèyíkẹ́mi títí.

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ dáa. Ṣé ìṣirò bá ọ jà ni?"

"Ó pẹ́ tá a ti ń jà, mà. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi ni mo dá a."

"O dá a? Ìwé ọ̀hún dà?"

"Mo fi sílé, mà. Kò dára."

"Wò ó, ọmọ yìí, ìjókòó méjì là ń gbà níbí. Ihò tó wà lára ọ̀kan, èkejì la ó fi lẹ̀ ẹ́. Ọ̀la la ó pa ìwé dé. Lọ mú un wá."

Ó délé, ó gbé ẹní sókè. Ilẹ̀ lásán ló bá. Ni ìyá rẹ̀ bá ṣí àpótí, ó tú ìdìpọ̀ ọ̀rá kan.

"Èyí lò ń wá? N ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi ló wà lára rẹ̀. Ṣé kí eku wá jẹ ẹ́ ni?"

Nígbà tó gbé e dé Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbà á wọlé. Yàrá kan ló ń gbé l'Ọ́yọ̀ọ́ báyìí. Abọ́ kan, ife kan, ẹní kan. Ìwé méjèèjì wà nínú ọ̀rá ìyá rẹ̀, lẹ́bàá ìrọ̀rí.

"Ìyá àgbà, ṣé Esther ti pè é?"

Kò tíì pè, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Ànúolúwa, ká ẹsẹ̀ rẹ kò. Anas, pa ilẹ̀kùn dé. Ojú yín ti ń wúwo, ẹ lọ sùn.