Rárá tí Kọ́kọ́rọ́ Sọ fún Dókítà

Nígbà tí Kọ́kọ́rọ́ dá dókítà lóhùn pé "Rárá", ṣé ìgbàgbọ́ ló sọ̀rọ̀ ni, àbí irọ́ ló pa? Mo ti gbé e síwájú Ọlọ́run títí, n kò tíì rí èsì gbà.

Kọ́kọ́rọ́ gígé niṣẹ́ rẹ̀, òun la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ kò gbà ju èèyàn méjì lọ, èérún irin kì í sì í kúrò ní ìka rẹ̀. Ó máa ń sọ fún oníbàárà pé ilẹ̀kùn kì í ya olóríkunkun, àfi ẹni tó ni ín.

Ìgbà tí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn rẹ̀ wá wú bíi táyà kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ bẹ́, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Dókítà obìnrin tí yóò ṣe é ní kì í ṣe ọkàn nìkan lòun ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá dí iṣan náà pa láti tún un ṣe, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ẹ̀dọ̀ bó ti yẹ. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀, tí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lára, ẹ̀dọ̀ lè dákú. Èyí tó ti ṣàìsàn rí ló ń tètè dákú jù. Ó wá bi í bóyá ibà pọ́njú, tó máa ń bá ẹ̀dọ̀ jà, ti ṣe é rí.

Ó ti ṣe é rí. Gbogbo àwa ọmọ ìjọ rẹ̀ la gbààwẹ̀ fún un lọ́dún náà. Ara rẹ̀ yá, ó sì jẹ́rìí níwájú pẹpẹ. Láàárín wa, àìsàn tí Ọlọ́run bá ti mú kúrò, a kì í fẹnu pè é mọ́, kó má baà jẹ́ pé ọ̀nà la là fún un láti padà. Ìyàwó rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Rárá," ni Kọ́kọ́rọ́ wí. "Ẹ ṣáà má gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú mi."

Iṣẹ́ abẹ náà pẹ́. Nígbà tó jí, ó ń wo omi dírìpù tó ń kán bí ẹni ń wo ìsọ̀ onísọ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bíi ti ọdún yẹn lọ́hùn-ún. Dókítà ní ó lè jẹ́ pípẹ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àìsàn àtijọ́ kan ló ń jí, òògùn tirẹ̀ wà, kí wọ́n ṣáà tètè mọ̀. Ìyàwó ní kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́ ọ. Kò bínú, kò bẹ̀rù. Àfi bíi pé ti aládùúgbò kan ni wọ́n ń sọ.

Ìyàwó jáde lọ bọ́jú, èmi tí mo bá wọn wá láti ìjọ wọlé láti gbàdúrà fún un. Mo ti dijú kí Kọ́kọ́rọ́ tó fi ìka kàn mí lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Ẹnu tí mo fi jẹ́rìí kò gbà láti sọ ọ́. Ẹ bá mi pe dókítà, kí ẹ sọ fún un pé ibà pọ́njú ti ṣe mí rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyá àwọn ọmọ tó dé."