Ìyá Àkíbù Lọ Kí Erin

Bí ẹlòmíì bá ní kí n tún fi Micra mi gbé òun lọ sí igbó ẹranko lásìkò òjò, èébú ni n ó fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àkíbù kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bú. Bí o bá bú u lẹ́ẹ̀kan ní Bẹyẹrúnkà, àwọn tó wà ní Mápó á gbọ́ èsì.

Agboolé kan náà la jọ ń gbé. Aṣọ òkè ló ń tà ní Òjé kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ó ti sin ọkọ méjì, ó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà, kò sì sí ẹni tó bá a ná ọjà rí tí ìyá náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Hikmat, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti kú, ló ń bá a gbé.

Orílẹ̀ Erin ni ìyá yìí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ Erin, tí wọ́n á kì í títí orí rẹ̀ á fi wú. Àmọ́ kò fojú kan erin rí, kò sì dùn ún, àfi ọjọ́ tí dókítà ojú sọ pé àrùn náà ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe, pé ó ṣeé ṣe kí ó má rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ kí ọdún tó yí po. Gbogbo wa bú sẹ́kún. Ó ní ká dákẹ́, pé òun ń ronú ohun tí òun máa fi ìyókù ojú náà wò.

"Erin ni," ó wí. "Ẹni tí wọ́n ti ń fi pè mí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò mọ̀ ọ́n lójú. Ìtìjú gbáà ni."

Hikmat ní kí wọ́n kúkú lọ wò ó níbi tí wọ́n ti ń sin ẹranko.

"Èyí tí wọ́n tì mọ́lé? Ṣé mo ní mo fẹ́ lọ kí ẹlẹ́wọ̀n ni?"

Bí a ṣe gbéra lọ sí igbó ẹranko nìyẹn, nínú oṣù Keje, lójú òjò. A kọjá Ìsẹ́yìn, a kọjá ibi tí ọ̀dà títì parí sí, ẹrẹ̀ sì gba ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àkíbù jókòó níwájú, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Obìnrin tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀!

Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo la bá lẹ́nu géètì igbó náà, Daniel lorúkọ rẹ̀. Orí pátákó tí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" sí ló sá ṣòkòtò rẹ̀ sí. Nígbà tó rí wa, ó rò pé a ṣìnà ni.

"Mama, kò sẹ́ni tó ń wá lásìkò yìí," ó wí. "Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn àlejò ń wá. Nígbà yẹn, koríko á ti jó, omi á ti gbẹ nínú igbó, erin á wá mumi lódò, ẹ̀yin á kàn jókòó ẹ máa wò ó ni. Ní báyìí, koríko ga ju èèyàn lọ. Erin lè wà níbí yìí kẹ́ ẹ má rí i."

"Ẹ̀ẹ̀rùn dáa," Ìyá Àkíbù dáhùn. "Ojú tèmi ni ò ní dúró dè é."

Daniel wo Hikmat, Hikmat wolẹ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ kúrò lórí pátákó, ó sì lọ mú kọ́kọ́rọ́ géètì àti ti ilé àlejò wá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ipasẹ̀ erin la rí, omi òjò kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Daniel fi ìgbẹ́ erin hàn wá, ó ní ti àárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ìyá Àkíbù fi ọ̀pá tì í, ó sì kọjú sí igbó.

"Mo wá láti Bẹyẹrúnkà, ìgbẹ́ lo fi pàdé mi? Elétí bí àtẹ! Onímú gígùn tí kò gbóòórùn ẹbí ẹ̀! Jáde, má tijú!"

Ẹyẹ kan fò. Kò sí ohun mìíràn tó jáde.

Nírọ̀lẹ́, ó dákẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ọbẹ̀ Daniel, ọbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n torí ẹ̀ pe ọlọ́pàá. Ẹ̀rù bà mí, torí n kò rí ìdákẹ́ obìnrin yìí rí. Hikmat fa èmi àti Daniel lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Ọ̀la la máa lọ," ó wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe máa padà sílé? Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan fi hàn wọ́n. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti tóbi, tó sì dúdú."

Daniel ní òkúta kan wà nítòsí odò tí àwọn tí ojú wọn dá ṣáká pàápàá máa ń rò pé ẹranko ni. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Hikmat ní mo lè dúró nínú ọkọ̀ mi. Mo tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò ń wọ́n wínníwínní. Bí a ti ń súnmọ́ odò, Daniel gbọ́wọ́ sókè.

"Mama, ẹ rọra. Ẹ wo ọ̀hún. Òun nìyẹn."

Òkúta náà dúdú, omi ń mú un dán, koríko sì bo ẹsẹ̀ tí kò ní. Ìyá Àkíbù dúró, ó wò ó títí.

"Háà," ó wí. "Ó mà tóbi o."

Hikmat tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àfi bí ìyá ṣe yíjú sí wa.

"Kí lẹ wá dúró gbagidi fún? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyẹn?"

Hikmat kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Daniel dọ̀bálẹ̀ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. Jímọ̀ ni, jalabíà funfun ni mo wọ̀, mo bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Nojeem!"

Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó gbóhùn sókè. "Erin, a-rìn-kí-ilẹ̀-ó-gbọ́! A-ya-igi-bí-ẹni-ń-ya-aṣọ! Àbẹ̀kẹ́ rẹ dé!" Ó kì í, ó kì í, kò tán. Nígbà tó kì í tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un: iná tí wọn ò mú wá ní Bẹẹrẹ, gaàrí tó wọ́n ní Ọjà'ba, ìyàwó Àkíbù tí kò mọ ọbẹ̀ sè. Òjò dé gan-an. Kòkòrò kan wọ̀ mí létí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì fẹ́ gbórí sókè, á ní, "Ẹ bọ̀wọ̀ fún bàbá yín!"

Lẹ́yìn náà, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ bá a.

"Mama, ẹ má lọ o! Ó máa pa yín!" Daniel kígbe. Níbi tá a purọ́ dé yẹn, kò sí ibi tá a fẹ́ gbà padà.

Ìyá Àkíbù ò dúró. Ó dé ìdí òkúta, ó kẹ́yìn sí i, ó sì jókòó lé ibi tó rẹlẹ̀ lára rẹ̀.

"Ó tutù," ó wí. "Ẹ̀yin ọmọ, erin yín ti kú."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀. Hikmat ń sunkún.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ojú mi ló ń ṣàìsàn, etí mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yìn ilé ìdáná náà ò jìnnà tó. Ẹ se irọ́ fún mi, mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ yó. Hikmat, súnmọ́ mi."

Ó fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọmọ náà. Ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó gbé ojú tirẹ̀ súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ó sì ń wò ó láti iwájú orí dé ẹnu, kò yára.

"O ti jọ ìyá ẹ jù," ó wí.

Ó dùn mí wọra. Mo lọ ṣáná sí ọkọ̀.

Ojú Ìyá Àkíbù ṣú pátápátá kí àsìkò òjò tó parí. Nínú oṣù Kìíní, Daniel pe Hikmat lórí fóònù. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń pariwo tí gbogbo wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń gbọ́: erin ti wá sódò, tọmọtọmọ, kí á tètè máa gbé Mama bọ̀. Ìyá Àkíbù nawọ́ síwájú, ó wá fóònù náà kàn, ó sì gbà á.

"Daniel, bá mi kí i," ó wí. "Sọ fún un pé mo wá, mi ò bá a nílé. Òun ló kàn báyìí láti wá kí mi ní Bẹyẹrúnkà."